Ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ ńlá: Èwo ni inú rẹ̀ gba ni, èwo sì ni ìjókòó rẹ̀ ń tu ni lára?

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, àwọn àgbà ní a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rí. Bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀, yálà ní Èkó, ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu, ẹ ó rí i tí wọ́n tò wọ́n sí ìlà, tí gbogbo wọn ń dán gbinrin. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò ṣí iwájú ọkọ̀ wo ẹ́ńjìnnì, yóò yẹ ọ̀dà ara rẹ̀ wò, yóò tan ẹ̀rọ amúlétutù, yóò sì jókòó sídìí sítíárìn. Lẹ́yìn èyí, ó di kí wọ́n máa dúnàá-dúrà. Ẹni mélòó ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kó jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Wọn kò pọ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn yẹn ni ìyá àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn yóò jókòó sí láti Èkó títí dé Àkúrẹ́. Ibẹ̀ náà ni àwọn ọmọ mẹ́ta yóò há ara wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wá gba àròjinlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, ni owó epo bẹntiróòlù ti gbéra sọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iye tí wọ́n ń ta jálá kan ní Èkó kúrò ní nǹkan bí náírà 185, ó di 488, ó sì ti gòkè kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ tó ń gun jíìpù tàbí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ńlá máa wá ọkọ̀ kékeré tí kì í mu epo púpọ̀. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn wọn ni pé: bí a bá bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré, ṣé ara yóò gbà á? Ṣé ìyà kọ́ ni a fẹ́ fi owó ra fún ara ilé wa? Ìbéèrè yìí ni àkọsílẹ̀ yìí fẹ́ dáhùn.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ KÉKERÉ, KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ ŃLÁ?

Lójú tiwa níbí, gígùn ọkọ̀ àti gíga rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ bóyá ńlá ni tàbí kékeré. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wa ti ń wá, àjọ tó ń rí sí ààbò àyíká, ìyẹn EPA, kì í wo ìta ọkọ̀ bí ó bá ń pín àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí ìsọ̀rí. Inú ni wọ́n ń wọ̀n: ibi tí ènìyàn ń jókòó sí àti búùtù, wọn yóò wá pa méjèèjì pọ̀. Kúbíìkì fíìtì ni òṣùwọ̀n wọn, ìyẹn àyè tí àpótí kan yóò gbà bí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ tí inú rẹ̀ kò tó 85 ló kéré jù lọ. Èyí tó wà láàárín 85 sí 99 tẹ̀ lé e. Láti 100 sí 109 ni ọkọ̀ kékeré tó ṣe déédéé, láti 110 sí 119 ni ọkọ̀ àárín, èyí tó bá sì ti pé 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní ọkọ̀ ńlá.

Nípa ìṣirò yìí, Toyota Corolla tó jáde láàárín ọdún 2003 sí 2008, tó kún ojú títì wa, wà ní ìsọ̀rí ọkọ̀ kékeré, Camry ìgbà náà sì wà ní ìsọ̀rí ọkọ̀ àárín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń dàgbà bí ọmọ ènìyàn. Corolla ti ọdún 2014 ti tóbi débi pé òun náà bọ́ sí ìsọ̀rí ọkọ̀ àárín. Nítorí náà, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ nìkan ni à ń wò, a ní láti mọ ọdún tó jáde pẹ̀lú.

OHUN TÓ Ń MÚ INÚ ỌKỌ̀ FẸ̀

Ohun àkọ́kọ́ tó ń sọ bí inú ọkọ̀ yóò ti gùn tó ni àlàfo tó wà láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn. Àárín àlàfo yìí ni àwọn ìjókòó wà. Ti Nissan Micra tí àwọn ará Ìbàdàn fi ń ṣe takisí, èyí tó jáde ní àwọn ọdún 1990, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 236. Ti Volkswagen Beetle, tí àwọn baba wa ń pè ní Ìjàpá, jẹ́ 240. Honda Fit àkọ́kọ́, tó jáde ní ọdún 2001, jẹ́ 245. Corolla tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 260, Camry ti ọdún 2002 sí 2006 jẹ́ 272. Peugeot 504, tí ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1975 sọ di ọkọ̀ gbogbo ayé ní Nàìjíríà, jẹ́ 274, èyí tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta nínú rẹ̀ sì jẹ́ 290. Toyota Sienna ti ọdún 2004 sí 2010 jẹ́ 303. Ẹni tó bá wo àwọn nọ́ńbà yìí yóò mọ ìdí tí àwọn tó wọ 504 rí fi ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ títí dòní.

Ṣùgbọ́n gígùn nìkan kọ́ o. Bí wọ́n ti to nǹkan sínú ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ìjàpá fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju Micra lọ ní ìwọ̀n ogójì sẹ̀ǹtímítà láti imú dé ìdí, síbẹ̀, ẹni tó jókòó sẹ́yìn Micra gbádùn ju ẹni tó jókòó sẹ́yìn Ìjàpá lọ. Kí ló fà á? Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, orí rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ, nítorí náà, àyè tó yẹ kó jẹ́ ti èrò ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì àti ara ọkọ̀ ti gbà. Iwájú ni ti Micra wà, ìbú ni wọ́n sì gbé e sí, kì í ṣe òòró.

Ọgbọ́n gbígbé ẹ́ńjìnnì sí ìbú yìí ní ìtàn tó jọ ti àkókò tí a wà yìí. Ní ọdún 1956, ogun bẹ́ sílẹ̀ lórí odò tí wọ́n gbẹ́ ní Suez, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Epo di ọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in níwọ̀nba. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní BMC wá ní kí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn, Alec Issigonis, ya ọkọ̀ kan tí kò ní í mu epo púpọ̀, ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà mẹ́rin yóò jókòó sí. Ohun tó gbé jáde ní ọdún 1959 ni Mini. Gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Issigonis gbé ẹ́ńjìnnì sí ìbú, ó ki gíà sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí táyà iwájú máa fa ọkọ̀, ó sì fi táyà kéékèèké sí i. Nípa bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ ọkọ̀ náà ló di ti èrò àti ẹrù wọn. Láti ìgbà náà, ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń tọ̀.

Àǹfààní mìíràn tó wà nínú kí táyà iwájú máa fa ọkọ̀ ni ilẹ̀ tó tẹ́jú. Nínú ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn ń tì, bíi 504, irin gbọọrọ kan ń gba abẹ́ ọkọ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, èyí ló sì ń mú kí òkìtì wà láàárín ilẹ̀ ọkọ̀. Ẹni tó bá jókòó sáàárín lẹ́yìn yóò ya ẹsẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì bí ẹni tó gun ẹṣin.

Honda Fit náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Dípò kí wọ́n gbé táǹkì epo sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, abẹ́ ìjókòó iwájú ni wọ́n gbé e sí. Ilẹ̀ ẹ̀yìn wá lọ sílẹ̀, èrò rí ibi na ẹsẹ̀ sí, ènìyàn sì lè ká ìjókòó ẹ̀yìn sókè láti gbé ẹrù tó ga. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà mẹ́rin fi ń gba ẹrù tí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu.

IWÁJÚ KÒ JÌNNÀ SÍRA, Ẹ̀YÌN NI OGUN WÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi Corolla àti Camry ìgbà náà wé ara wọn dáadáa, nítorí àwọn méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe iyèméjì lé lórí. Àyè tí ẹsẹ̀ ní níwájú Corolla jẹ́ ìǹṣì 41.3, ti Camry jẹ́ 41.6. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìdajì ìǹṣì. Awakọ̀ tó bá jókòó sínú méjèèjì kò lè fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ẹ̀yìn: ti Corolla jẹ́ 35.4, ti Camry jẹ́ 37.8. Ìyàtọ̀ ìǹṣì méjì ààbọ̀ kò ku nǹkan kan. Lójú ẹni tó ga, ìǹṣì méjì yẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín kí orúnkún máa gbá àga iwájú àti kó má gbá a.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé bí ó bá jẹ́ ìwọ nìkan lò ń wa ọkọ̀ rẹ lọ síbi iṣẹ́, tàbí ìwọ àti ẹnì kan níwájú, ọkọ̀ kékeré kò fi nǹkan púpọ̀ dù ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ni ó ń fi àyè dù.

Ọ̀rọ̀ èjìká ló tẹ̀ lé e. Ìbú ẹ̀yìn Corolla yẹn, láti èjìká ọ̀tún dé ti òsì, jẹ́ nǹkan bí ìǹṣì 53. Bí ènìyàn mẹ́ta bá pín in, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ní ìǹṣì 17 àti díẹ̀. Ó fún àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ó ṣeé fara dà fún ìrìn díẹ̀. Bí ó bá wá di ènìyàn mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí àwọn onítakisí kan ti ń ṣe, ó di ìǹṣì 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò gba èjìká ọkùnrin kankan. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ pé kí ẹnì kan sún síwájú, kí ẹnìkejì fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ìnira nìkan ló wà níbẹ̀. Bẹ́líìtì mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹyọ kan ló sì wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹni kẹrin tó wà lẹ́yìn àti ẹnìkejì tí wọ́n há mọ́ iwájú kò ní ohun tí yóò dì wọ́n mú bí ọkọ̀ bá sọ ìjánu lójijì.

KÌ Í ṢE GBOGBO ỌKỌ̀ ŃLÁ NI INÚ RẸ̀ GBA NI

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò pé bí ìta bá ti tóbi, inú gbọ́dọ̀ tóbi. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké onílẹ̀kùn mẹ́rin, irú Toyota Hilux. Wọ́n gùn ju Camry lọ, ṣùgbọ́n àgbá ẹrù tó wà lẹ́yìn ti gba apá kan nínú gígùn wọn. Àgbá yìí ló mú kí ẹ̀yìn àga èrò máa dúró ṣánṣán, pàápàá nínú àwọn tó ti pẹ́, tí èrò kò sì ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ dáadáa.

Jíìpù onílà mẹ́ta náà yẹ ní yíyẹ̀ wò. Irin gìrìwò tó wà lábẹ́ wọn àti àwọn ẹ̀rọ tó ń yí táyà ẹ̀yìn máa ń gbé ilẹ̀ ọkọ̀ ga. Bí ilẹ̀ bá ga tí àga kò sì ga, orúnkún yóò yọ sókè dé àyà, itan kò ní kan àga, gbogbo ìwúwo ara yóò sì wà lórí ìdí nìkan. Ìlà kẹta inú ọ̀pọ̀ jíìpù kò yẹ àgbàlagbà, ọmọdé ló yẹ. Bí ó bá jẹ́ pé èrò méje ni ẹ máa ń kó nígbà gbogbo, ọkọ̀ bíi Sienna, tí ilẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, yóò tù yín lára ju ọ̀pọ̀ jíìpù tó wọ́n jù ú lọ.

ÌJÓKÒÓ FÚNRA RẸ̀

Àyè ọ̀tọ̀, ìjókòó ọ̀tọ̀. Ìjókòó tó dára kì í ṣe èyí tó rọ̀ bí tìmùtìmù. Àga tó bá rọ̀ jù yóò dùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bí ó bá di wákàtí kejì, ìdí yóò ti rì sínú rẹ̀, ìbàdí yóò tẹ̀, ẹ̀yìn yóò sì máa ro ni. Àga tó le díẹ̀, tó pín ìwúwo ara káàkiri ìdí àti itan, tó sì ní ibi tó yọ díẹ̀ láti gbé ìbàdí ró, ni ó ń gbé ni dé ibi tó jìnnà.

Gígùn ibi tí itan ń lé tún ṣe kókó. Nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké kan, àwọn tó ṣe é máa ń gé ibẹ̀ kúrú kí àyè ẹsẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó pọ̀. Nọ́ńbà yóò dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n itan yóò wà lófuurufú. Ọkọ̀ ńlá ló sábà máa ń ní àga tó gùn, tó sì fẹ̀.

Ọkọ̀ ńlá tún ní àǹfààní mìíràn lójú ọ̀nà wa tó kún fún kòtò. Bí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn bá jìnnà síra, ọkọ̀ kì í fì síwájú sẹ́yìn púpọ̀ bí ó bá bọ́ sí gegele. Táyà tó tóbi kì í sì í rì sínú kòtò bíi táyà kékeré. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé ìgbọ̀n tó ń lọ sókè sódò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni ara ènìyàn kì í fẹ́ jù. Àga, táyà àti àwọn ẹ̀rọ tó ń gba ìgbọ̀n lábẹ́ ọkọ̀ ló ń pa pọ̀ dín in kù. Nítorí náà, Camry tí ẹ̀rọ abẹ́ rẹ̀ ti kú lè jẹ àwọn èrò níyà ju Micra tí tirẹ̀ ṣì pé lọ.

Ọ̀RỌ̀ ÌLERA

Ní ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí ìrìn àjò. Wọ́n ní bí ènìyàn bá jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà ṣe nínú ọkọ̀ òfuurufú, ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ewu pé kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ máa ń di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Ewu náà kò pọ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó pọ̀ sí i fún ẹni tó sanra jù, fún obìnrin tó ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, fún ẹni tó ga ju mítà 1.9 lọ, àti fún ẹni tí kò ga tó mítà 1.6. Bí ọkọ̀ yín bá kéré tàbí tó tóbi, ẹ dúró síbi tó láàbò lẹ́yìn wákàtí méjì méjì, kí ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ rìn díẹ̀.

Ní ti àwọn àgbàlagbà, bí wọn yóò ti wọlé tí wọn yóò sì jáde ló yẹ kí a kọ́kọ́ rò. Ọkọ̀ tó lọ sílẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ba kí wọ́n tó wọlé. Jíìpù gíga ń fẹ́ kí wọ́n gun òkè. Èyí tó dára jù ni èyí tí àga rẹ̀ ga dé ibi ìdí ẹni tó dúró, débi pé yóò kàn yí ìdí jókòó ni. Ọkọ̀ kékeré tí orí rẹ̀ ga, bíi Honda Fit, lè ṣe èyí ju ọkọ̀ ńlá tó lọ sílẹ̀ lọ.

BÍ Ẹ ṢE LÈ DÁN AN WÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

1. Ẹ jókòó sídìí sítíárìn, kí ẹ tún àga ṣe bí ẹ ó ti máa wà á. Àyà yín gbọ́dọ̀ jìnnà sí àárín sítíárìn tó ìǹṣì mẹ́wàá, nítorí àpò afẹ́fẹ́ tó ń jáde lójijì bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

2. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan àga náà mọ́, ẹ lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Bí ìkúùkù kan bá gba àárín orúnkún yín àti àga iwájú, tí òmíràn sì gba àárín orí yín àti òrùlé, àyè wà.

3. Ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ yín lè wọ abẹ́ àga iwájú. Àyè ìka méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kó wà láàárín etí àga àti kòǹkò ẹ̀yìn orúnkún.

4. Ẹ gbé agbórí-ró sókè. Òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé òkè etí ẹni tó jókòó, ó kéré jù.

5. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣí ìbòrí àga. Fóòmù tó ti rì ni ìbòrí tuntun sábà máa ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ fà àga síwájú sẹ́yìn, kí ẹ mọ̀ bóyá irin rẹ̀ ṣì ń yọ̀. Bí àpò afẹ́fẹ́ bá wà ní ẹ̀gbẹ́ àga, ìbòrí kò gbọ́dọ̀ dí ojú rẹ̀.

6. Ẹ kó àwọn ará ilé yín lọ. Kí gbogbo wọn wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí wọ́n de bẹ́líìtì, kí ẹ sì wà á lórí ọ̀nà tó ní kòtò fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹni tó ga jù àti ẹni tó dàgbà jù ni kí ẹ bi léèrè.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó ń dá lọ sí ibi iṣẹ́ láàárín ìgboro, tàbí tọkọtaya tí ọmọ wọn kò ju méjì lọ tí wọ́n sì kéré, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ọgbọ́n ṣe yóò tó wọn, owó epo yóò sì dín kù. Ẹni tó ń gbé àgbàlagbà mẹ́ta sẹ́yìn lọ sílé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nílò ọkọ̀ àárín. Ẹni tí èrò rẹ̀ ju márùn-ún lọ nílò ọkọ̀ onílà mẹ́ta, kì í ṣe kó máa há ènìyàn mẹ́fà mọ́ Corolla. Owó yòówù kí ẹ fẹ́ ná, ẹ má ṣe san án láì kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn, nítorí ẹni tó wà níwájú kì í mọ̀ pé orúnkún ẹnì kan ń jẹ̀rora lẹ́yìn òun.